Oòrùn Tó Wọ̀ Tó Tún Yọ

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ súnmọ́ mi dáadáa. Ìwọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, wọlé, kó o sì ti ilẹ̀kùn, atẹ́gùn ń kó yanrìn bọ̀. Ẹ gbé ọmọ lé itan, ẹ bu tíì sínú ife, kí ẹ bá mi gbe orin:

Ta ló gbé wa gòkè?
Awakọ̀ ni.
Ta ni yóò gbé wa sọ̀?
Awakọ̀ ni.
Ojú ta la kì í rí nígbà tó ń gbé wa lọ?
Ojú awakọ̀ ni, ojú awakọ̀ ni.

Ẹ ṣeun, ohùn yín dùn létí mi. Ọ̀rọ̀ awakọ̀ bàálù kan ni mo fẹ́ sọ.

Idder ni wọ́n ń pè é. Ọmọ àwọn darandaran òkè Tafraout ni, àmọ́ bàálù ni òun ń dà ní tiẹ̀. Irun ẹ̀bá etí rẹ̀ ti ń funfun. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé ọkọ òun mọ ìkùukùu ju bó ṣe mọ yàrá ilé ara rẹ̀ lọ. Bó bá wọlé lónìí, wọ́n á tún pè é lọ́la. Bó bá tají lóru, ọwọ́ rẹ̀ á máa wá iná yàrá lára ògiri tí iná kò sí, torí pé ìlú tó sùn sí lánàá, òdìkejì ni wọ́n fi tiwọn sí.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, inú oṣù ààwẹ̀ ni. Idder ń kó àwọn tó lọ ṣe Úmúrà bọ̀ láti Jẹ́dà sí Àgádírì, ìlú tiwa. Bàálù kún fọ́fọ́: omi mímọ́ Samsam lábẹ́ àga, dàbínù Mẹ̀dínà lórí itan, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Igbákejì rẹ̀ tí wọ́n jọ jókòó síwájú ni Gizlan, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tí ojú rẹ̀ sì mú ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ wọn lófin. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń wa ọkọ̀. Ìgbà tí oṣù bá parí ni yóò gbà á padà. Àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ kan náà, kó má di pé inú ń run wọ́n pọ̀ lójú ọ̀run.

"Ẹja ni tèmi lónìí," Idder wí. "Adìyẹ ni tìẹ."

"Ẹ máa gbé e lọ, Ọ̀gá," Gizlan dáhùn. "Ẹja yẹn ti ń wò mí láti ìgbà tí a ti gbéra. Mi ò fẹ́ bá a jà."

Nezha, obìnrin tó ń tọ́jú èrò, ló gbé kọfí wá fún wọn. Ó bo ife náà, ó fi ara ṣíji bò ó, ó rìn wéré. Ṣùgbọ́n òórùn kọfí kò gbọ́ ìkìlọ̀. Ó gba àárín àwọn aláàwẹ̀ kọjá, ó sì kí wọn níkọ̀ọ̀kan.

Wàyí o, ẹ bá mi rò ó. Oòrùn ń lọ síbi tó ti máa wọ̀. Ibẹ̀ náà ni Àgádírì wà. Bàálù wá ń lé oòrùn bí ajá tó ń lé àgùntàn, ọjọ́ sì ń fà bíi rọ́bà. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun nínú àpò àwọn èèyàn, torí pé ó ti di àṣálẹ́ ní Mẹ́kà. Wọ́n bojú wo fèrèsé: oòrùn dúró síbẹ̀, ó pọ́n, ó yó, kò ṣe bí ẹni tó ń lọ síbì kankan.

"Ká ṣáà ṣínu," ọkùnrin kan wí láti ẹ̀yìn. "Fóònù mi ti pè."

"Ṣé fóònù rẹ ló gbààwẹ̀ ni?" ohùn àgbàlagbà kan dáhùn níwájú. "Oòrùn tó wà lójú mi ni mo mọ̀."

Ẹni tó fèsì yẹn ni wọ́n ń pè ní Ba Bihi. Àga iwájú pátápátá ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ Lalla Ijja sì jókòó tì í. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Idder jáde láti lọ tọ̀. Bó ṣe ń padà bọ̀, Ba Bihi na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Ìwọ lò ń wa ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Kọfí ń rùn lẹ́nu rẹ."

Gbogbo ìjókòó iwájú yíjú sí Idder.

"Òótọ́ ni, Bàbá. Òfin iṣẹ́ wa ni. Tí ojú bá ṣú mi, gbogbo wa la máa gbọ́ ọ."

"Mi ò bi ọ́ ní òfin. Mo ní kọfí ń rùn lẹ́nu rẹ."

Lalla Ijja gbá orúnkún ọkọ rẹ̀. "Bihi! Ẹni tó gbé ọ dání lójú ọ̀run lò ń gbóòórùn ẹnu rẹ̀? Tìrẹ ńkọ́? Ẹnu tìrẹ ń rùn bí àgbò láti àárọ̀."

"Ẹnu aláàwẹ̀ dùn lọ́dọ̀ Ọlọ́run."

"Lọ́dọ̀ Ọlọ́run ni. Èmi ni mo jókòó tì ọ́."

Ẹ̀rín bú jáde, Idder náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ba Bihi kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Gbọ́, ọmọkùnrin," ó ní. "Tí o bá kéde pé oòrùn ti wọ̀, mi ò ní gbà. Ẹni tó ti mu kọfí, kí ló kàn án nínú kí oòrùn wọ̀?"

Idder padà sí àga rẹ̀, ó fi bẹ́líìtì de ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà há a láyà bí egungun ẹja.

Kò pẹ́ kò jìnnà, fóònù inú ọkọ̀ dún. Nezha ni. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ọ̀gá, Ba Bihi yẹn. Ó ń làágùn yọ̀bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ ń bá a jà, ó ti pẹ́ tí dókítà ti ní kó má gbààwẹ̀ mọ́. Àmọ́ ó jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Káábà pé òun máa gba ti ọdún yìí pé. A fi ṣúgà sí i létè, ó pa eyín pọ̀."

"Dókítà kò sí láàárín èrò?"

"Ẹnìkan dìde. Dókítà eyín ni. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun lè sọ ni pé eyín náà le."

Nígbà mìíràn, Gizlan ì bá rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo oòrùn tó dúró gangan níwájú wọn, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣáà kéde pé ó ti wọ̀. Ẹ jẹ́ kí Nezha pa fèrèsé dé. Ọlọ́run á dárí jì wá, bàbá á sì jẹun."

Idder ronú sí i. Mo búra fún yín, ó ronú sí i. Ẹ̀mí èèyàn ni. Ṣùgbọ́n ó mi orí.

"Kò ní gbà mí gbọ́ ná. Àwọn tó kù ńkọ́? Tí mo bá pa irọ́ oòrùn fún wọn báyìí, tó bá wá di pé mo ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n má bẹ̀rù, ta ló máa jókòó?"

"Kí la wá máa ṣe?"

Idder bojú wẹ̀yìn. Lẹ́yìn wọn, lọ́nà ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, ojú ọ̀run ti dúdú bí aró. Alẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, àwọn sì ń sá fún un.

"A ó dúró de alẹ́," ó wí. "A ó yí padà, a ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀, oòrùn rẹ̀ a tètè wọ̀. Pe Jerba."

Gizlan pe àwọn tó ń darí ọkọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Jerba, erékùṣù kan tó súnmọ́ ojú ọ̀nà wọn. Wọ́n ní kí wọ́n máa bọ̀, pé dókítà yóò dúró dè wọ́n nílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń jà bọ̀ láti aṣálẹ̀, eruku ti ń dìde, kí wọ́n tètè ṣe kánmọ́kánmọ́. Epo tó wà lọ́kọ̀ tó kí wọ́n gbìyànjú níbẹ̀, tí kò bá sì ṣeé ṣe, ó tó láti gbé wọn dé ìlú Túnísì. Idder kéde fún èrò pé àìsàn kan ló mú òun yà, pé kí gbogbo wọn bá òun ṣàdúrà. Ó yí orí ọkọ̀. Ìyẹ́ apá kan dìde, èkejì rẹlẹ̀, oòrùn sì yí láti iwájú lọ sí ẹ̀gbẹ́, sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé Ba Bihi.

Wọ́n ń sọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ń sọ̀. Ó kan etí ayé. Ó di ìdajì. Ó di èékánná. Ó lọ.

"Ó ti wọ̀," Gizlan wí, bí ẹni tó ń mí kanlẹ̀.

Idder gbé ẹnu sí ẹ̀rọ. "Ẹ̀yin èèyàn mi, oòrùn ti wọ̀. Kí Ọlọ́run gbà á. Ẹ ṣínu."

Ariwo ayọ̀ ta. Àpò ń ya, ọ̀rá ń pariwo, dàbínù ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Ba Bihi kò gba ọ̀rọ̀ awakọ̀, ojú ara rẹ̀ ló gbà. Ó ti rí i lójú fèrèsé pé oòrùn ti lọ. Lalla Ijja fi dàbínù kan sí i lọ́wọ́. Ó gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń ka àdúà ìṣínu lábẹ́ ètè, ó sì ń kà á bí àgbàlagbà ṣe ń kà á, láìkánjú.

Níwájú, ọ̀nà ìbalẹ̀ Jerba yọ, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Lójijì afẹ́fẹ́ gbé ògiri eruku wá, pupa, ó ga. Iná parẹ́ lójú wọn. Bàálù fì sọ́tùn-ún, ó jábọ́ díẹ̀ bí ẹsẹ̀ tó tàsé àkàsọ̀.

"Gòkè!" Gizlan pariwo.

Ní iṣẹ́ wọn, tí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, àríyànjiyàn kò sí. Ọ̀gá ni o, ọmọ iṣẹ́ ni o. Idder ti ẹ̀rọ síwájú títí dé òpin, ó gbé imú ọkọ̀ sókè. Bàálù ké ramúramù. Àga fún èèyàn lẹ́yìn. Wọ́n là á já, wọ́n yọ sókè eruku, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń gòkè, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere.

Ẹ wá gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń gòkè, oòrùn tún yọ. Ní ìwọ̀ oòrùn! Ó yọ orí, ó yọ èjìká, pupa roro, níbi tó ti wọ̀.

Àbí kí lẹ fẹ́ kí aláàwẹ̀ rò, ẹni tó ti ń gbọ́ láti kékeré pé ọjọ́ tí oòrùn bá yọ láti ìwọ̀ oòrùn, ayé ti parí nìyẹn, wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn ìrònúpìwàdà? Ẹnìkan ké, "Ọjọ́ ìkẹyìn dé o!" Ni gbogbo ọkọ̀ bá dàrú. Wọ́n ń tú bẹ́líìtì. Wọ́n ń wólẹ̀ láàárín àga. Obìnrin kan di ọrùn ìyá ọkọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún: "Ìyá, ẹ dárí jì mí, èmi ni mo fọ́ ìkòkò tíì yín, kì í ṣe ológbò!" Ìyá náà ń pariwo padà pé, "Mo mọ̀, olórí burúkú, mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn!"

Fóònù dún. Nezha ń pariwo kí Idder lè gbọ́ ọ. "Ọ̀gá, wọ́n ti dìde! Ba Bihi ti ju dàbínù sílẹ̀! Ó ní awakọ̀ oníkọfí ti tan òun! Kò lè gbé orí ró mọ́!"

Idder wo Gizlan. Bí èrò bá wà lórí ìdúró, ìbalẹ̀ kò ṣeé ṣe. Bí wọn ò bá sì balẹ̀, bàbá yẹn kò ní dé Túnísì láàyè.

"Ọkọ̀ di tìrẹ," ó wí.

"Ọkọ̀ ti di tèmi," Gizlan dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọn kì í fi í sílẹ̀ láìsọ, wọn kì í gbà á láìdáhùn. Idder wá gbé ẹ̀rọ sẹ́nu. Kò pariwo. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé, ó sì fi èdè òkè wọn sọ ọ́.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ayé kò tíì parí. Èmi ni mo gbé yín gòkè. Ta ló ti da ewúrẹ́ rí nínú yín? Tí oòrùn bá ti wọ̀ fún àwọn tó wà ní àfonífojì, tí ẹ bá sáré gun òkè, ṣé ẹ kì í tún bá a níbẹ̀? Oòrùn yẹn náà nìyí. Irọ́ kò sí níbẹ̀: nígbà tí mo ní ó ti wọ̀, ó ti wọ̀. Ní báyìí, kò tíì wọ̀. Ẹni tó ti jẹ ti jẹ, kó fọkàn balẹ̀. Ẹni tí kò tíì jẹ, mi ò ní tan yín, ẹ dúró. A ń padà sọ̀ báyìí. Ẹ jókòó, ẹ de bẹ́líìtì yín, ẹ bá mi mú àwọn àgbàlagbà jókòó. Tó bá wọ̀, màá sọ."

Ó gbé ẹ̀rọ kúrò lẹ́nu. Ariwo kò dá lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ohun kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn: orin. Ohùn obìnrin àgbàlagbà kan, ó gbó, ó ga. Lalla Ijja ni.

Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ó rí ọ̀nà,
Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ó rí ọ̀nà,
Òkè ló gbé wa gùn, òkè ló ń gbé wa sọ̀,
Ọmọ òkè ni, ẹ jẹ́ ó rí ọ̀nà.

Ohùn kejì gbà á, ẹ̀kẹta gbà á. Tìkìtìkì ni bẹ́líìtì ń dún láti iwájú dé ẹ̀yìn.

"Wọ́n ti jókòó," Nezha wí lórí fóònù. "Èmi náà ń jókòó. Mo kọjú sí bàbá náà gan-an. Ojú rẹ̀ là, àmọ́ díẹ̀ ló kù."

Gizlan mú ọkọ̀ yípo, ó ń sọ̀. Òógùn ń ṣàn gba ẹ̀bátí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró. Idder kò gbójú kúrò lára oòrùn. Ìdajì. Èékánná. Okùn pupa kan. Ó lọ. Ó dúró díẹ̀ sí i, torí ó ti kéde rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún yọ. Lẹ́yìn náà eruku bò wọ́n, fèrèsé gbogbo di àwọ̀ ilẹ̀, kò sẹ́ni tó rí ìyẹ́ apá ọkọ̀ mọ́, ká má tíì sọ ti oòrùn.

"Èmi Idder ni mo ń sọ̀rọ̀. Oòrùn ti wọ̀. Ẹ̀yin kò lè rí i nínú eruku yìí. Èmi rí i kí a tó wọlé. Ẹ ṣínu."

Ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀. Bóyá Ba Bihi gbà o, bóyá kò gbà o, kò ní mọ̀ àfi tí táyà bá kanlẹ̀. Ó gbé ojú sí iwájú, ó ń ka gíga ọkọ̀ sókè fún Gizlan, ohùn rẹ̀ tẹ́jú. Wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ti yà sókè lẹ́ẹ̀kan. Eruku. Eruku. Afẹ́fẹ́ ti wọ́n, Gizlan dá a padà. Iná kan ṣẹ́jú. Iná méjì. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn ní ẹsẹẹsẹ, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀.

"Mo rí i!" Gizlan wí.

"Máa lọ, ọmọ mi."

Táyà kanlẹ̀. Ó ta díẹ̀, ó tún kanlẹ̀, ó sì dúró sí i. Bàálù ń sá, ó ń ké, ó ń rọ̀, ó rọ̀. Wọn kò tíì yà kúrò lójú ọ̀nà ìbalẹ̀ tí fóònù fi tan iná. Idder gbé e sétí.

"Ó ti jẹ ẹ́," Nezha wí. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìṣẹ́jú tí ẹ dákẹ́ báyìí ni. Lalla Ijja ní, 'Bihi, fèrèsé kò fi nǹkan kan hàn.' Ó ní, 'Mi ò wo fèrèsé. Ẹni tó lè sọ fún wa pé kò tíì wọ̀, nígbà tí gbogbo wa ń bẹ̀ ẹ́ kó wọ̀, tòun ni mo gbà.' Ó ti jẹ mẹ́ta. Ó ń bèèrè ẹ̀kẹrin."

Ìgbà yẹn ni àtẹ́wọ́ bẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe máa ń pàtẹ́wọ́ tí bàálù bá balẹ̀. Àwọn tó ti rin ìrìn àjò jù a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n máa ṣe é lọ. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n pa á débi tí àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ gbọ́ ọ níta, àwọn obìnrin ń fi ahọ́n ta lílílí ayọ̀, wọn kò sì jẹ́ kó dá títí ilẹ̀kùn fi ṣí.

Dókítà Jerba wọlé, ó gún Ba Bihi níka láti wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó fún un ní omi dídùn, ó bá a wí dáadáa. Ba Bihi ń gbọ́ ìbáwí náà, ojú rẹ̀ ń padà sípò. Nígbà tí Idder jáde tí Gizlan tẹ̀ lé e, ó ní kí wọ́n súnmọ́ òun.

"Ta ló gbé wa kanlẹ̀?"

"Òun ni, Bàbá," Idder wí, ó tọ́ka sí Gizlan.

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ? Ìrìn ọwọ́ rẹ rọ̀ ju ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi lọ."

"Ṣé ìyìn nìyẹn, Bàbá?"

"Ìyìn ńlá ni," Lalla Ijja dáhùn. "Ó fẹ́ràn ẹ̀dá yẹn jù mí lọ."

Àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ ti ń ṣínu tiwọn lọ́wọ́ nígbà tí bàálù dé. Wọ́n rí èrò tí eruku há mọ́ ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì gbé ìkòkò wọn jáde. Àwọn kan pe ilé: kí wọ́n gbé ọbẹ̀ wá, kí wọ́n gbé búrẹ́dì wá, kí wọ́n má wẹ̀yìn. Wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn pápákọ̀ gbọọrọ. Ọbẹ̀ bálì ń ru, bíríìkì gbígbóná, ìyẹn àkàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n dín pẹ̀lú ẹyin nínú, ń ta ẹyin sí àgbọ̀n ẹni tó bá fi ìwọra jẹ ẹ́. Àwọn tiwa náà tú àpò, wọ́n gbé dàbínù Mẹ̀dínà kalẹ̀, wọ́n bu Samsam fún onílé. Ìyá ọkọ oníkòkò tíì yẹn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ọbẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ibi tí Idder jókòó sí ló ń ju nǹkan sínú àwo rẹ̀, kò sì jẹ́ kó kọ̀.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ sinmi, tí dókítà sì ní kí Ba Bihi máa lọ, wọ́n padà wọ ọkọ̀. Idder gbé wọn dé Àgádírì láìsí ìdíwọ́ kan. Àwọn ará ilé ti ń dúró. Oníkálukú gbé ẹrù rẹ̀, ó di ọwọ́ ẹni rẹ̀ mú, ó sì gba ilé lọ pẹ̀lú ikùn tó kún àti ọkàn tó balẹ̀.